Ọdún wo ni orin yìí jáde gan-an? Àlàyé lórí orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ tó ń dé etí àwọn ọ̀dọ́

Ọmọ àbúrò mi kan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, jókòó sí pálọ̀ wa lọ́jọ́ kan, ó gbé orin sí i lórí fóònù rẹ̀, bí mo sì ṣe ń kọjá lọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbe orin náà. Ẹnu yà á pé mo mọ̀ ọ́n. Orin "Dreams" ti ẹgbẹ́ olórin Fleetwood Mac ni, mo sì sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ṣì ń rákòrò nígbà tí orin náà jáde. Ó ní, "Rárá, sà. Ẹ wò ó, ọdún 2004 ni wọ́n kọ síbẹ̀." Lóòótọ́, ohun tí fóònù gbé síwájú rẹ̀ ni "Dreams – 2004 Remaster". Irọ́ kọ́ ni ọmọ náà ń pa, èmi náà kò sì ṣìnà. Àríyànjiyàn kékeré yẹn ló jẹ́ kí n rí i pé ọ̀rọ̀ orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ òde òní lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, àti àgbà àti ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọdún 2004 yẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin bá gba ohùn sílẹ̀ tán ní sítúdíò, téèpù kan wà tó jẹ́ ìyá, inú rẹ̀ sì ni gbogbo àwo àti kásẹ́ẹ̀tì tí a ń rà lọ́jà ti ń jáde. Ní 1976 ni Fleetwood Mac bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn àwo Rumours, tí "Dreams" wà nínú rẹ̀, sílẹ̀ ní California, àwo náà sì jáde ní oṣù Kejì ọdún 1977. Nígbà tó ti pẹ́, iléeṣẹ́ tó ni àwo náà lọ gbé ìyá téèpù yẹn jáde, wọ́n dà á sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tún dídún rẹ̀ ṣe kí ó lè bá ẹ̀rọ ayé òde òní mu. Ẹnikẹ́ni kò tún orin kọ. Ohùn tí Stevie Nicks, ọ̀kan nínú àwọn akọrin ẹgbẹ́ náà, fi kọ "Dreams" nígbà náà lọ́hùn-ún, orin tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun fi ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, òun gan-an ni ọmọ àbúrò mi ń gbọ́. Ó dà bí fọ́tò ìgbéyàwó bàbá àti ìyá wa tí a gbé lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán pé kó bá wa tún un ṣe: àwọ̀ rẹ̀ yóò mọ́lẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyàwó kò ní tìtorí ìyẹn di ẹlòmíràn. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ orin, àtúnṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní "Remaster", máa ń ní orúkọ àti ọdún tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí "Bohemian Rhapsody" ti ẹgbẹ́ Queen, tó jáde ní 1975, náà fi ń gbé ọdún 2011 kiri.

Ohun mìíràn wà tó fara jọ èyí, tí kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹgbẹ́ Def Leppard láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde ní èdè-àìyedè lórí owó orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n bá padà sí sítúdíò ní 2012, wọ́n tún díẹ̀ nínú àwọn orin wọn tó lókìkí kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ ohùn tuntun náà lè jẹ́ tiwọn. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn, orin tó mọ̀ ló gbọ́, ṣùgbọ́n ohùn àgbàlagbà ló fi gbọ́ ọ. Ojúlówó àwọn orin náà kò dé orí fóònù àfi ní oṣù Kíní ọdún 2018.

Ní ti streaming fúnra rẹ̀, kò ju pé orin wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá iléeṣẹ́ kan níbì kan lọ, tí ìwọ sì ń fi dátà gbọ́ ọ láì rà á, yálà o ń san owó oṣooṣù, tàbí o ń fara da ìpolówó ọjà láàárín orin kan àti èkejì. Spotify, tí àwọn ará Sweden dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008, ó sì wọ Nàìjíríà ní 2021, nígbà tí Apple Music àti Boomplay ti wà nílẹ̀ fún wa. Èyí kò ṣòro láti lóye. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni bí wọ́n ṣe ń ka orin.

Nígbà àwo àti kásẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tí o ra orin nìkan ni wọ́n ń kà. Bí ènìyàn bá ra Rumours ní 1977, tó sì ń gbọ́ ọ láràárọ̀ fún ogún ọdún, ẹyọ kan péré ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ìyá oníṣòwò ń ka iye àpò gàrí tó kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀, tí kò sì sí ohun tó kàn án bóyá ẹni tó rà á fi tẹ̀bà lọ́jọ́ kan tàbí lóṣù mẹ́ta. Streaming yí ìṣirò náà padà: ẹ̀bà ni wọ́n ń kà báyìí. Gbogbo ìgbà tí o bá gbọ́ orin kan kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, Spotify yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ orin àná tàbí orin àádọ́ta ọdún. Nítorí náà, apá kan lára ohun tí a ń pè ní ìpadàbọ̀ orin àtijọ́ kì í ṣe ìpadàbọ̀ rárá. Àwọn ènìyàn kò fi ìgbà kan dẹ́kun gbígbọ́ àwọn orin wọ̀nyí. Ẹni tí yóò máa kà á ni kò sí.

Ìṣirò kan wà tó ti kó ọ̀pọ̀ oníròyìn sínú àṣìṣe. Iléeṣẹ́ tó ń ka orin ní Amẹ́ríkà, èyí tó ń jẹ́ Luminate báyìí, sọ pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún orin tí wọ́n rà tàbí tí wọ́n gbọ́ lórílẹ̀-èdè náà ní 2021 jẹ́ orin tó ti pẹ́, ìdá náà sì tún gòkè díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Kíá ni ariwo ta pé àwọn ọ̀dọ́ ti kẹ̀yìn sí orin tuntun, wọ́n ti padà sọ́dọ̀ àwọn olórin ìgbà ayé bàbá wọn. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń pè ní orin tó ti pẹ́? Nínú ìṣirò yìí, orin tó bá ti lé ní oṣù 18 ti di arúgbó nìyẹn. Bí a bá lo òṣùwọ̀n kan náà fún orin tiwa, "Essence" tí Wizkid gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ti wọ ẹgbẹ́ àgbà kí oṣù Kẹfà ọdún 2022 tó dé. Inú agbọ̀n kan náà ni wọ́n kó òun àti orin 1977 sí. Lóòótọ́ ni orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ ń rí àwọn olùgbọ́ tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ìdá 70 yẹn ṣe ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì wo inú agbọ̀n náà wò.

Ta ló wá ń mú orin náà dé etí ọmọ tí kò mọ̀ pé ó wà? Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé Spotify àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Ohun tí mo rí kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, "Dreams" fúnra rẹ̀ sì ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún pamọ́ sí ní ìpínlẹ̀ Idaho, ní Amẹ́ríkà, kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ó fa pátákó onítáyà kéékèèké tó ń gbé kiri yọ, ó gun orí rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀nà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ kan ya fídíò ara rẹ̀, tó sì ń gbé ike ńlá omi èso pupa kan dà sẹ́nu. Ó fi "Dreams" sí ìdí fídíò náà, ó la ẹnu bá orin náà lọ díẹ̀, ó sì gbé e sí TikTok. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fídíò náà káàkiri ayé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mick Fleetwood tó ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ náà, ẹni ọdún 73 nígbà náà, lọ ṣí ojú ìwé tirẹ̀ sí TikTok, ó gun pátákó, ó sì mu omi èso tirẹ̀. Orin tó ti gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹfà ọdún 1977 tún wọ àtẹ Billboard, èyí tó ń to àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ó bẹ̀rẹ̀ ní ipò 21, ó sì gòkè dé ipò 12. Àwo Rumours náà padà sí àárín àwọn àwo mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ẹ kíyè sí i pé streaming kò bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun nínú ìtàn yìí. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí streaming ṣe ni pé ó sọ ọ̀nà tó wà láàárín "Orin wo lèyí?" àti gbígbọ́ orin náà látòkèdélẹ̀ di ìṣẹ́jú kan. Ní ìgbà tèmi, bí o bá gbọ́ orin kan nínú sinimá tó wù ọ́, o ní láti wá ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀, kí o wá owó, kí o sì dé ìsọ̀ oníkásẹ́ẹ̀tì kí o bá a pé ó ti tà á tán. Ìfẹ́ mìíràn ti kú kó tó dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Kate Bush ṣe àlàyé ohun mìíràn, ìyẹn òfin tó de orin àtijọ́. Obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí gbé "Running Up That Hill" jáde ní 1985, ó sì dé ipò kẹta nílé rẹ̀ nígbà náà. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2022, apá kẹrin eré Stranger Things jáde lórí Netflix. Ọdún 1986 ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú rẹ̀ ń fi kásẹ́ẹ̀tì kékeré gbọ́ orin yìí, orin náà ló sì yọ ọ́ lọ́wọ́ ikú. Àwọn ọmọ tí kò fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì rí dìde lórí àga, wọ́n sì wá orin náà lọ sórí fóònù.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó bọ́ sí ipò kẹjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun ni wọ́n gbọ́ jù lọ káàkiri ilẹ̀ náà, síbẹ̀ ipò kejì ni wọ́n fi í sí. Ẹ̀tàn kankan kò sí níbẹ̀. Ìlànà àtẹ orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé bí àwọn tó ń sanwó oṣooṣù bá gbọ́ orin tuntun nígbà 100, ó dà bíi pé wọ́n ta ẹyọ kan; ti àwọn tó ń gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ 600. Orin tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, ìlọ́po méjì ló gbọ́dọ̀ ní kí ó tó tó ẹyọ kan: 200 àti 1,200. Wọ́n ṣe òfin yìí kí àtẹ náà má bàa kún fún orin tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, kí àwọn olórin tuntun lè rí àyè fẹsẹ̀ tẹ̀, èmi kò sì rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè wà láti bẹ̀bẹ̀ fún orin tó bá sọjí lọ́nà tí kò wọ́pọ̀, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún Kate Bush. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní oṣù Kẹfà, ó gba ipò kìíní, ọdún 37 lẹ́yìn tí orin náà kọ́kọ́ jáde. Nítorí náà, nígbàkígbà tí o bá rí i pé orin àtijọ́ kan wọ àtẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ̀ pé àjàgà wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn tó ń gbọ́ ọ pọ̀ ju ohun tí ipò rẹ̀ ń sọ lọ.

Eré kan náà ló gbé "Master of Puppets" ti ẹgbẹ́ Metallica, orin 1986, wọ àtẹ Billboard fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sì dé ipò 35. Ẹgbẹ́ yìí ló pe Napster lẹ́jọ́ ní 2000 nítorí pé àwọn ènìyàn ń pín orin wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kò sì gbà kí orin wọn wọ Spotify àfi ní ìparí 2012. Wọn kò dá nìkan ṣe bẹ́ẹ̀. Led Zeppelin wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, AC/DC ní ìdajì ọdún 2015, àwọn Beatles sì dúró di ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2015. Ní ti ìdí rẹ̀, àwọn kan ń bẹ̀rù pé owó rẹ̀ kò ní tó nǹkan, àwọn kan sì ń fẹ́ kí a gbọ́ àwo lódindi bí wọ́n ṣe tò ó, kí a má máa ṣa orin inú rẹ̀ jẹ bí ẹni ń ṣa ẹran inú ọbẹ̀. Tí ọmọ rẹ bá sọ pé òun kò gbọ́ orin Beatles rí kí òun tó pé ọdún mẹ́wàá, ó lè jẹ́ pé wọn kò tíì sí níbi tí òun ti ń gbọ́ orin.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé ni iṣẹ́ streaming gan-an bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wọn kò mọ ohun tí orin túmọ̀ sí. Ohun tó mọ̀ ni pé àwọn tó gbọ́ "Dreams" gbọ́ "The Chain" náà, pé wọn kò sì fo ó. Ó fi í síwájú ọmọ náà. Bí ọmọ náà bá gbọ́ ọ tán, kọ̀ǹpútà náà ti ní ẹ̀rí kún ẹ̀rí láti fi í síwájú ẹlòmíràn. Láti 2015 ni Spotify ti ń fi irú ìṣirò yìí to àkójọ orin ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún olúkúlùkù. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí mo rò pé a kò sọ tó: orin tí èrò ti pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n tún ń darí èrò sí. Orin mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú iṣẹ́ ogún ọdún ẹgbẹ́ kan yóò máa yí po bí òkòtó, àwọn ìyókù yóò sì wà nínú òkùnkùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jìnnà ju ìtẹ̀ka kan lọ.

Àwa náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1973, Paul McCartney tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Beatles tẹ́lẹ̀ wá sí Èkó, sítúdíò EMI ní Àpápá sì ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Wings ti gba ọ̀pọ̀ nínú ohùn àwo Band on the Run sílẹ̀. Àwọn olè fi ọ̀bẹ gba téèpù tó fi ń rántí àwọn orin náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, Fẹlá sì fẹ̀sùn kàn án pé ńṣe ló wá jí orin ilẹ̀ Áfíríkà gbé. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, ní sítúdíò tirẹ̀ ní Ìkẹjà, ó sì ti bá Fẹlá ṣe àwo ní 1971. Ní Èkó kan náà, Berkley Jones, Láolú Akins àti Mike Odumosu kó lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn pọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì BLO sílẹ̀, wọ́n sì gbé àwo Chapter One jáde ní 1973. Orin BLO wà lórí streaming lónìí. Ọmọ àbúrò mi kò gbọ́ orúkọ wọn rí kí n tó sọ ọ́. Orin tí ọkọ̀ kan tó bàjẹ́ ní Idaho sọ jí ti dé pálọ̀ wa, orin tí wọ́n kọ níhìn-ín nílé kò tíì dé. Èèyàn kan ní láti kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn kí kọ̀ǹpútà tó ní ohun tí yóò kà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iye kan wà tí wọ́n ń san lórí orin kọ̀ọ̀kan. Kò sí. Ká ní mílíọ̀nù kan náírà ló wọlé fún iléeṣẹ́ kan lóṣù kan. Yóò mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta fún ara rẹ̀, yóò sì da ìyókù sínú ìkòkò kan, wọn yóò wá pín in gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ orin kálukú sí nínú àpapọ̀. Bí orin ẹgbẹ́ kan bá kó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá méjì owó ìkòkò náà ló kàn án. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó jẹ́ pé Àyìnlá Ọmọwúrà nìkan ló ń gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, owó oṣooṣù tirẹ̀ ń bá wọn lọ sínú ìkòkò tí Fleetwood Mac ti ń bù. Orin tí wọn kò bá sì gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín ọdún kan kò ní ìpín nínú ìkòkò Spotify láti 2024.

Ẹ̀tọ́ méjì ló tún wà lórí orin kọ̀ọ̀kan, tiẹni tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ àti tiẹni tó ro orin náà. Kate Bush ló ni méjèèjì lórí "Running Up That Hill", ohun tí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ti "Dreams", kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn fídíò ọkùnrin onípátákó yẹn, Stevie Nicks ta èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí àwọn orin tó rò fún iléeṣẹ́ Primary Wave. Bob Dylan ta tirẹ̀ nínú oṣù kan náà, Bruce Springsteen sì tẹ̀ lé wọn ní 2021. Ẹni tó bá ná irú owó bẹ́ẹ̀ kò ní káwọ́ gbera. Yóò máa wá sinimá, eré àti ìpolówó ọjà tí orin náà lè wọ̀. Nítorí náà, nígbà tí orin àtijọ́ kan bá tún yọ lójijì nínú eré tí àwọn ọmọ ń wò, ó lè jẹ́ pé orí ló ṣe é bíi ti Idaho, ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ti jókòó sí ọ́fíìsì láti ọdún kan sẹ́yìn tó ń ṣètò rẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi ti gbọ́ gbogbo Rumours tán báyìí. Ohun tó wá bi mí ni pé kí ló dé tó fi dà bíi pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ń fi orin bá ara wọn jà. Fóònù kò sọ fún un pé ìfẹ́ Stevie Nicks àti Lindsey Buckingham, tó ń ta gìtá, ti dàrú nígbà tí wọ́n ń gba àwo náà sílẹ̀, pé tọkọtaya McVie nínú ẹgbẹ́ náà sì ti kọ ara wọn, síbẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ń wọ sítúdíò kan náà lójoojúmọ́. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ dúró ná, sà," ó sì tún gbé "Dreams" sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.